Láptọ́ọ̀pù Tí Ọdẹ́rìndé Fi Orúkọ Rà

Akínbọ̀dé, jókòó. Mo ní kí o jókòó. Òjò yìí kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ igbó lónìí, òrùlé ilé ọdẹ yìí kò sì jò, a ó jọ wà níbí títí yóò fi dá. O ní ọmọ rẹ ti wọ yunifásítì, ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ló ń kọ́, o sì ti rí láptọ́ọ̀pù kan nígboro tó ń dán bíi dígí, òun lo fẹ́ rà fún un kí wọ́n lè mọ̀ pé ọdẹ gidi ló bí i. A ti gbọ́. Gbogbo wa la gbọ́, nítorí àtàárọ̀ lo ti ń sọ ọ́. Kí o tó lọ rà á, gbọ́ ohun tí ojú Ọdẹ́rìndé rí.

Ẹ má wẹ̀yìn wò. Mo mọ̀ pé Ọdẹ́rìndé ló jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn yẹn tó doríkodò. Akínbọ̀dé, òun lo fi rẹ́rìn-ín láàárọ̀ yìí pé ó gbé fóònù sétí, kò sì sọ̀rọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n sọ ìtàn náà. Ó ní bí òun bá fẹnu ara òun sọ ọ́, òun kò ní lè sọ ọ́ dé ìdajì. Ẹ̀yin náà sì mọ̀ mí. Èmi Ògúnmọ́dẹdé, tí mo bá iwin jẹun nínú abọ́ kan, tí mo jẹ gbogbo ẹran inú ọbẹ̀ náà tán kí iwin tó fọwọ́, n kì í purọ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi èmi náà rẹ́rìn-ín, ìta nìyẹn, òjò wà níbẹ̀.

Ọdẹ́rìndé pa ẹfọ̀n kan lọ́dún yẹn. Ẹfọ̀n náà tóbi, n kò ní fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú, ṣùgbọ́n ẹnu Ọdẹ́rìndé tóbi jù ú lọ. Ó sọ ìtàn ẹfọ̀n náà fún àwa ọdẹ, ó sọ ọ́ fún aránṣọ, ó sọ ọ́ fún ẹni tó ń ta epo òyìnbó, kódà ó sọ ọ́ fún aládùúgbò tó bá a ru ẹran náà wálé. Àwa ọdẹ wá fún un ní orúkọ akin nítorí ẹfọ̀n náà. Ẹnu èmi yìí ni orúkọ náà ti kọ́kọ́ jáde. Bí wọ́n bá ti pè é bẹ́ẹ̀, orí rẹ̀ á wú, á sì tún bẹ̀rẹ̀ ìtàn ẹfọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí, Ọdẹ́bùnmi. Ìyá Ọdẹ́rìndé ló sọ ọmọ náà ní oríkì lọ́jọ́ ìkómọjáde, kí ìyá náà tó kú. Ó gbé e lé itan, ó pè é sí i létí. Ẹ má bi mí pé kí ni oríkì náà. Ẹ ó mọ ìdí tí n kò fi lè dáhùn bí ìtàn yìí bá débẹ̀. Láràárọ̀, bí ọmọ náà bá ti kúnlẹ̀ kí baba rẹ̀, baba á pe oríkì yẹn, á sì fà á díẹ̀ lẹ́nu. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń rí lára ọmọ. Bó bá ti bínú sùn, inú rẹ̀ á yọ́. Bí ara rẹ̀ bá wúwo, á dìde lọ pọnmi. Nígbà tí Ọdẹ́bùnmi wọ yunifásítì, orí fóònù ló ti ń kí baba rẹ̀. Á ní, "Ẹ káàárọ̀, bàbá mi," á sì dákẹ́ díẹ̀ kí baba lè ráyè pe oríkì. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó ń sọ̀rọ̀ mìíràn.

Ó wá sílé ní ìsinmi, ó bá èmi àti baba rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọdẹ mìíràn níwájú ilé. Ọdẹ́rìndé ń nu ìbọn. Ọmọ náà kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ láptọ́ọ̀pù ni mo fẹ́ bá yín sọ. Tíṣà wa ní iṣẹ́ kan wà tí a gbọ́dọ̀ ṣe kí sáà tó ń bọ̀ yìí tó parí. Ẹni tí kò bá ṣe é, wọn yóò yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà, kó lọ wá nǹkan mìíràn kọ́. Ẹ má ra tuntun. Tòkunbọ̀ tó bá dára ti tó fún mi. Kò dìgbà tó bá rẹwà. Ẹ ṣáà bá mi wò ó pé kí inú rẹ̀ fẹ̀, kó lè gba iṣẹ́ tí mo bá ṣí papọ̀ láì dákú. Kí bátìrì rẹ̀ máa pẹ́, torí iná kì í sábà sí ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa. Kó má sì wúwo jù, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn dé kíláàsì."

Ọdẹ́rìndé ní, "Hùn, hùn. O ti rí i gbà." Ó yíjú sí wa. "Bí mo ṣe ń wí, ibi tí mo ti yọ sí i, ẹfọ̀n náà ti gbé ìwo sókè." Ọmọ náà ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó wọlé lọ.

Ẹ̀yin mọ àṣà wa. Ọ̀gá ọdẹ ló ń yan ìbọn fún ọmọ ìkọ́ṣẹ́. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kì í sọ pé irú báyìí ni òun fẹ́. Ọ̀gá á gbé e lé e lọ́wọ́, òun náà á dọ̀bálẹ̀, ó parí. Bí Ọdẹ́rìndé ṣe gbé ọ̀rọ̀ láptọ́ọ̀pù náà nìyẹn. Lójú tirẹ̀, kí ló kan ọmọ nínú ohun tí baba fẹ́ rà fún un?

Owó tó kó lọ sígboro kò ra nǹkan kan. Àwọn tó ń ta láptọ́ọ̀pù wo owó náà, wọ́n wo ìbọn ṣakabùlà tó wà léjìká rẹ̀, wọ́n rọra ní kó máa lọ sílé. Ìgbà náà ló rántí Ọjà Àìnáwó tí àwọn baba wa máa ń dárúkọ, èyí tó wà lẹ́yìn Igbó Ajítanná. Wọ́n ní kò sí ohun tí ẹ̀dá ń lò tí àwọn iwin kì í tà níbẹ̀, wọn kì í sì í gba owó. Ọdẹ́rìndé gbé ìbọn, ó kó àkàrà sápò, ó wọ igbó lọ.

Igbó Ajítanná kì í ṣe irú igbó tí ẹ mọ̀ yìí. Ewé orí igi ibẹ̀ máa ń tàn, á sì tún kú, bí iná ìjọba. Bó bá tàn, ẹ ó rí ọ̀nà. Bó bá kú, ẹ ó rí ojú àwọn tó ń wò yín. Èmi ti gba ibẹ̀ kọjá rí, àwọn ojú náà ló kọ́kọ́ sá fún mi. Ọdẹ́rìndé kò tíì rìn jìnnà tó fi pàdé Ẹlẹ́rù-Àìsọ̀. Iwin gígùn kan ni, ọrùn rẹ̀ ti tẹ̀ sínú àyà. Ó pọn àpáta kan sẹ́yìn bí ẹni pọn ọmọ, kò sì sí ẹni tó rántí ìgbà tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kẹ́yìn.

"Ọdẹ," ni iwin náà wí, "bá mi gbà á díẹ̀ kí n fi na ẹ̀yìn."

"Ìyẹn nìkan?" ni Ọdẹ́rìndé wí. "Èmi tí mo fi èjìká kan ru itan ẹfọ̀n wálé. Gbé e wá."

Àpáta náà bà lé e lẹ́yìn, eékún rẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀. Ó gbìyànjú àtidìde títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Èémí kò já gaara mọ́. Ẹlẹ́rù-Àìsọ̀ jókòó sórí gbòǹgbò igi, ó ń nara, ó ń yán.

"Ta ló gbé irú ẹrù yìí rù ọ́?" ni Ọdẹ́rìndé bi í láti ilẹ̀.

"Baba mi ló rà á fún mi. Ó wù ú lójú, ó sì rà á. Kò béèrè bóyá ẹ̀yìn mi gbà á. Ìwọ ńkọ́, kí lo ń lọ rà?"

"Láptọ́ọ̀pù ni, fún ọmọ mi."

"Ibo ni yóò ti máa gbé e lọ? Ṣé ọ̀nà rẹ̀ jìn?"

Ọmọ ti sọ ọ́ fún Ọdẹ́rìndé, etí rẹ̀ ni kò sí níbẹ̀. Ojú tì í, ṣùgbọ́n ó fi ìbínú bò ó mọ́lẹ̀, ó ní kí iwin wá gba ẹrù rẹ̀ kí òun máa lọ. Iwin náà gba àpáta, ó pọ̀n ọ́n padà. Ó ní, "Máa lọ. Wọn yóò tún bi ọ́ níwájú."

Ó rìn títí ó fi dé Ìlú Dákúdájí. Ẹ̀yin ènìyàn, àwọn ará ìlú yẹn lẹ́wà. Ojú wọn ń tàn bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Okùn gígùn kan jáde láti ìdodo olúkúlùkù wọn, wọ́n sì ká a mọ́ ọwọ́. Obìnrin kan, Arẹwà ni orúkọ rẹ̀, wá pàdé rẹ̀ tẹ̀rín tẹ̀rín. Ó ní, "Ẹ kú ìrìn o. Ọ̀nà ọjà ni apá ọ̀tún yìí. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ má ṣe..." Ojú rẹ̀ kú. Ó dúró gbagidi síbẹ̀, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ọ̀rọ̀ kò jáde mọ́. Ọdẹ́rìndé ju ọwọ́ síwájú ojú rẹ̀, kò mira. Ó fọwọ́ tọ́ ọ léjìká, kò mọ̀ ọ́n lára.

Kí ó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àwọn yòókù ti yí i ká. Wọ́n tú okùn ìdodo wọn, wọ́n sì ń tẹ orí okùn náà mọ́ ọn lára, ní apá, ní ìhà, ní ẹ̀yìn ọrùn. Bí okùn bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, ojú ẹni tó ni ín á tàn, òtútù á sì mú Ọdẹ́rìndé. Ooru ara rẹ̀ ni wọ́n ń fà. Kò lè yìnbọn nítorí ọwọ́ rẹ̀ ti kú. Ẹnu rẹ̀ nìkan ló kù, ẹ sì mọ ohun tó ń ti inú ẹnu yẹn jáde. Ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn ẹfọ̀n.

Ìtàn náà dùn mọ́ wọn. Wọ́n la ojú, wọ́n na etí, wọ́n gbàgbé okùn tí wọ́n fi ń fa ooru. Ọdẹ́rìndé sọ bí òun ṣe jí, ó sọ ohun tí òun jẹ, ó sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́. Kò tíì dé ibi tí ẹfọ̀n wà tí iná inú wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í tán níkọ̀ọ̀kan. Wọ́n dákú lórí ìdúró. Mo ti sọ fún yín pé ìtàn náà gùn. Ó já àwọn okùn náà kúrò lára, ó ń wá ọ̀nà àtilọ. Bó ti ń kọjá, okùn Arẹwà kàn án lára, ìwọ̀nba ooru tí Arẹwà rí fà jí i padà, ó sì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀: "...yan èyí tó ń dán. Ojú ni wọ́n fi yan àwa náà. Kò sí ẹni tó béèrè bí iná wa ṣe ń pẹ́ tó."

Ọdẹ́rìndé dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbọ́ ọ dáadáa, ṣùgbọ́n kí ó tó rìn dé ẹnu ibodè ìlú, ó ti ń rò bí òun yóò ṣe máa ròyìn fún wa pé òun fi ẹnu lásán ṣẹ́gun odidi ìlú.

Nínú Ọjà Àìnáwó, obìnrin iwin kan ló ń ta láptọ́ọ̀pù. Agbórúkọ ni wọ́n ń pè é. Kò ní ohùn tirẹ̀. Ohùn àwọn tó ti bá a nájà ló fi ń sọ̀rọ̀, yóò fi ohùn ọmọdé bẹ̀rẹ̀, yóò fi ti arúgbó parí rẹ̀. Ẹ̀rọ méjì péré ló wà lórí ẹní rẹ̀. Ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán débi pé Ọdẹ́rìndé rí irùngbọ̀n ara rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìkejì dúdú, tòkunbọ̀ ni, igun rẹ̀ kan ti ha, àwọn lẹ́tà orí rẹ̀ sì ti ń parẹ́.

"Kí ni ọmọ náà fẹ́ fi ṣe?" ni Agbórúkọ bi í.

"Ìwé ló fẹ́ fi kà."

"Irú ìwé wo?"

Ọdẹ́rìndé ní, "Ìwé náà ṣáà ni. Èló ni èyí tó ń dán yìí?"

"Orúkọ ni mo ń gbà. Tòkunbọ̀ yìí, orúkọ tí wọ́n fún ọ nítorí ẹfọ̀n ni mo fẹ́ fún un. Èyí tó ń dán, mo fẹ́ orúkọ tí ẹnì kan ń fi ìfẹ́ pe ẹlòmíràn láràárọ̀. Bí orúkọ bá ti dé ọ̀dọ̀ mi, kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́."

Ọdẹ́rìndé wo tòkunbọ̀, ó wo igun tó ha. Kí òun fi orúkọ ẹfọ̀n ra nǹkan báyìí? Kí ni àwọn ọdẹ yóò wá máa pe òun? Kí ni òun yóò fi máa rìn láàárín ẹgbẹ́? Ó wá rántí oríkì ọmọ rẹ̀. Kò rò ó pẹ́. Ó ní lọ́kàn rẹ̀ pé ọmọ náà ṣì ní Ọdẹ́bùnmi, ó ní Bùnmi, orúkọ kò wọ́n ọn. Ọ̀kan tó bá lọ níbẹ̀, kí ni yóò ṣe é?

"Ṣé ìwọ lo ni orúkọ náà?" ni Agbórúkọ bi í, ohùn tó sì fi bi í jọ ti ìyá àgbàlagbà kan.

"Èmi ni mo ni ọmọ," ni Ọdẹ́rìndé wí. "Èmi ni mo ni orúkọ rẹ̀."

Ó la ẹnu, ó pe oríkì náà. Ó jáde bí èéfín funfun. Agbórúkọ fi ìka mú un, ó fi nu ẹ̀yìn láptọ́ọ̀pù náà bí ẹni ń fi òróró pa ọmọ lára. Bó ti ń nù ún ni dídán rẹ̀ ń pọ̀ sí i, títí orúkọ náà fi tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdẹ́rìndé gbé ẹrù rẹ̀, ó kọrí sílé. Lójú ọ̀nà, ó ń ṣe é bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sẹ́yìn, ó sì tú àpò rẹ̀ wò, ìbọn wà, àkàrà wà.

Ẹ ò rí i bí a ṣe pé jọ lọ́jọ́ tó dé. Gbogbo wa la fi ojú wa wo ara wa lẹ́yìn láptọ́ọ̀pù yẹn. A kí i, a fi orúkọ ẹfọ̀n kí i, ó ń jó. Ọdẹ́bùnmi fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó ṣí i, ó tẹ̀ ẹ́ wò, ó pa á dé. Mo rí ojú ọmọ náà. Kò sọ nǹkan kan ju, "Ẹ ṣé gan-an, bàbá mi. Ẹ ó pẹ́ fún wa." Ó sì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń retí kí wọ́n pe òun.

Ọdẹ́rìndé la ẹnu. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó tún un là. Àṣàkẹ́, ìyá ọmọ náà, rẹ́rìn-ín, ó ní, "Baba Bùnmi, ayọ̀ ti pọ̀ jù, ẹ jẹ́ kí n bá yín pè é." Òun náà la ẹnu, ó sì fọwọ́ di àgbọ̀n mú, ó ń wo ọkọ rẹ̀. Ọdẹ́rìndé kò lè wo ojú rẹ̀. Ó ní kí ọmọ dìde, kó lọ di ẹrù, sáà ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Láràárọ̀ ni fóònù ń dún. "Ẹ káàárọ̀, bàbá mi." Ọmọ náà á dákẹ́. Ọdẹ́rìndé á ní, "Ùn, Bùnmi, ṣé dáadáa lo jí?" Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni ọmọ náà wá béèrè pé, "Bàbá, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?"

"Rárá o."

"Ẹ ò pè mí mọ́."

Ọdẹ́rìndé ní iṣẹ́ ló pọ̀. Ó pa fóònù, ó jókòó sórí àpótí, kò lè jẹun àárọ̀. Ó ń gbọ́ ọ títí, "Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?" Òun ló ṣẹ̀, ọmọ ló ń tọrọ àforíjì. Bí a bá fi orúkọ ẹfọ̀n kí i nínú ẹgbẹ́, kò jó mọ́. Ó máa ń wolẹ̀ ni. A rò pé àìsàn ló ń ṣe é.

Nígbà tí kò rí ara gbà á sí mọ́, ó wọkọ̀ lọ sí ilé ìwé. Ó bá Ọdẹ́bùnmi lórí bẹ́ńṣì nítòsí kíláàsì, ó fi bírò ń kọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sórí bébà. Ó ń dúró de akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan kó lọ jẹun, kó lè yá láptọ́ọ̀pù onítọ̀hún lò kó tó jẹun tán. Láptọ́ọ̀pù tirẹ̀ wà nínú báàgì, ó fi ìró ìyá rẹ̀ wé e kó má bàa ha.

"Tìrẹ yìí ńkọ́?" ni baba bi í.

Ó mú un jáde, ó tàn án. Ó mọ́lẹ̀ yòò. Ó ṣí iṣẹ́ kan, ó ṣí èkejì, ojú ẹ̀rọ náà kú pátápátá, gẹ́gẹ́ bí ojú Arẹwà ṣe kú. Ọdẹ́bùnmi rọra pa á dé.

"Ó máa ń dákú ni, bàbá. Ṣùgbọ́n ó lẹ́wà, ẹ má bínú. Gbogbo wọn ló ń bi mí pé ta ló rà á fún mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Ọdẹ́rìndé lọ́kàn ju kí ọmọ náà bú u lọ. Ó bi í pé ìgbà wo ni sáà yóò parí. Ọmọ náà ní ó ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ó bi í pé iṣẹ́ náà ńkọ́, ọmọ náà sì tẹ orí ba. Baba jókòó tì í lórí bẹ́ńṣì. Ó ní, "Bùnmi, ohun tí o sọ fún mi níwájú ilé lọ́jọ́ yẹn, jọ̀wọ́, tún un sọ. N kò gbọ́ ọ nígbà náà." Ọmọ náà tún un sọ látòkèdélẹ̀, baba sì ń sọ ọ́ tẹ̀lé e kó má bàa gbàgbé. Lẹ́yìn náà ló bá a rin ọ̀nà tó ń gbà dé kíláàsì, ó bá a gbé báàgì náà, ó sì wá mọ bí ọ̀nà ṣe jìn tó.

Ó gba inú Igbó Ajítanná padà. Nígbà tó pàdé Ẹlẹ́rù-Àìsọ̀, kò dúró kí iwin bẹ òun, ó fi èjìká ti àpáta náà lẹ́yìn kí iwin lè mí díẹ̀. Ní Ìlú Dákúdájí, wọ́n yí i ká, wọ́n ní kó wá parí ìtàn ẹfọ̀n. Ó ní òun kò ní ẹnu ìtàn. Ó jókòó sílẹ̀ láàárín wọn, ó na apá, ó ní kí wọ́n fa ìwọ̀n tí wọ́n bá fẹ́. Òtútù mú un dé egungun. Arẹwà ló ní kí wọ́n tú u sílẹ̀.

Tòkunbọ̀ ṣì wà lórí ẹní Agbórúkọ.

"Kí ni ọmọ náà fẹ́ fi ṣe?" ló tún béèrè.

Ọdẹ́rìndé sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ iṣẹ́ tí yóò máa ṣí papọ̀, ó sọ ti iná họ́sítẹ́ẹ̀lì, ó sọ ọ̀nà tí yóò máa fẹsẹ̀ rìn. Agbórúkọ gbé tòkunbọ̀ náà lé e lọ́wọ́ kó fi díwọ̀n, ó tàn án, ó sì jẹ́ kó wà ní títàn níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Kò dákú. Ọdẹ́rìndé la ẹnu, ó pe orúkọ ẹfọ̀n. Ó jáde bí èéfín, ó lọ. Ẹ bi mí pé kí ni orúkọ náà, Akínbọ̀dé, bi mí. Èmi ni mo fún un. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà níbí, ẹ̀yin náà fi ń kí i. Ẹ wá a lẹ́nu yín wò bí ẹ bá rí i.

Ó wá kúnlẹ̀, òun Ọdẹ́rìndé, ó gbé èyí tó ń dán síwájú obìnrin náà. Ó ní, "Mo bẹ̀ yín, ẹ gba èyí padà, kí ẹ fún mi ní oríkì ọmọ mi."

Agbórúkọ fi àkísà nu ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà. Dídán rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ bí eruku, kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀. "Ó ti tán," ló wí. "Mo ti fi í ṣe dídán tí o fẹ́. Ẹni tó fún ọmọ náà lórúkọ ìbá lè tún un sọ, ìyá rẹ ni, ó sì ti kú. Mo bi ọ́ bóyá ìwọ lo ni ín. O ní ìwọ ni."

Ọdẹ́rìndé sunkún níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, òun náà ní kí n má fi í pamọ́. Lẹ́yìn náà ló gbé tòkunbọ̀, kò dúró níbì kankan títí ó fi dé ilé ìwé.

Ọdẹ́bùnmi ṣe iṣẹ́ náà parí. Ó gbé e fún tíṣà kí sáà tó parí, wọn kò yọ ọ́, ó ṣì wà nínú ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà títí di òní. Ọjọ́ tó wálé ni baba rẹ̀ pè é sí yàrá, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sọ gbogbo ohun tí mo sọ fún yín yìí. Ọmọ náà gbọ́ ọ tán.

"Bàbá, orúkọ ẹfọ̀n ló kọ́kọ́ béèrè?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ ò lè fún un."

"N kò lè fún un."

"Ṣùgbọ́n ẹ lè fún un ní tèmi."

"Mo fún un," ni Ọdẹ́rìndé wí.

Ọmọ náà dìde, ó lọ bá ìyá rẹ̀ ní ilé ìdáná. Nígbà tí ìsinmi parí, ó padà sílé ìwé. Ọdẹ́rìndé rò pé kò ní pe òun mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, fóònù dún. "Ẹ káàárọ̀, bàbá mi." Ó sì dákẹ́, bó ti máa ń dákẹ́ látijọ́, ó fi àyè sílẹ̀ fún orúkọ náà. Kò yọ àyè yẹn kúrò títí di òní. Ọdẹ́rìndé á la ẹnu, á wá a, kò ní rí i. Kò ní fi ọ̀rọ̀ mìíràn dí i, torí ó ní òun kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Àwọn méjèèjì á jọ dákẹ́ títí ọmọ náà yóò fi ní, "Ó dàbọ̀, bàbá mi."

Ohun tó ń ṣe láàárọ̀ yìí nìyẹn, Akínbọ̀dé, nígbà tí o fi í rẹ́rìn-ín pé ó gbé fóònù sétí bí odi.

Òjò ti ń dá. Dìde, gbé fóònù rẹ, pe ọmọ rẹ, kí o bi í ní ohun tó fẹ́ fi láptọ́ọ̀pù náà ṣe. Ṣùgbọ́n oríkì rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ pè. Pè é sókè, kí àwa náà gbọ́ ọ.